Oògùn Kan Tí Kò Sí ní Dásà

Gbólóhùn Faransé tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ láìkọsẹ̀ ni èyí tó túmọ̀ sí "kò sí níbí." Ní fámásì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Dásà, èmi ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún. Àwọn tó mọ Faransé jù mí lọ a wo ìwé oògùn tí aláìsàn mú wá, wọ́n a mi orí sí mi, èmi a sì yíjú sí aláìsàn, n ó sọ gbólóhùn mi. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, n kì í lè wo ojú ẹni náà mọ́. N ó máa to páálí oògùn tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Mo ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí ọ̀gá mi tó kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta ilé náà. Ọkọ mi ti fi mí sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, kò sì sí ọmọ láàárín wa. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Ìyá Múínà, ti wà ní Dásà, ní òdìkejì ibodè, láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ọkọ rẹ̀ ń ta aṣọ àti bàtà ní ọjà ibẹ̀. Ìyá Múínà ló ní kí n máa bọ̀. Ó ní Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní gbogbo orí òkè Dásà, pé kò ní yàtọ̀ sí ilé.

Ó yàtọ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó dá mi lóhùn, ó tún bi mí ní nǹkan, ó sì dúró de èsì. Ìdáàṣà, Yorùbá ti àwọn ará ibẹ̀, ló ń sọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti yàrá kejì: o mọ̀ pé òun ni, o kò mọ ohun tó ń wí. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ orí ba, mo kọjá. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Múínà, ó ní obìnrin náà kàn bi mí pé ọmọ ta ni mí ni. Òkè ni nǹkan kan ṣoṣo tí kò yà mí lẹ́nu, nítorí a ní òkè tiwa nítòsí Ìsẹ́yìn. Ohun yòókù, mo ní láti kọ́ ọ bí ọmọdé. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ ìjọba, Faransé ni. Ní ọjà, bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ ní Ìdáàṣà, ó lè parí rẹ̀ ní Fọn. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń yangàn nílé, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní gbólóhùn kan níbẹ̀.

Ìgbálẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní fámásì. Ọ̀gá wa, Dókítà Ẹ́lọdì, jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń to oògùn tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ súnmọ́ sí iwájú, tí èyí tí tirẹ̀ jìn sì wà lẹ́yìn. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ọ̀gá mi tó ti kú ni. Ní ọjọ́ kejì, ó fún mi ní aṣọ funfun, ó sì fi mí sí ẹnu pẹpẹ, níbi tí a ti ń dá oníbàárà lóhùn. Mo pe ìyá mi ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn láti ẹ̀yìn fámásì, mo sọ fún un. Ó ní kí n ya fọ́tò aṣọ náà ránṣẹ́. Mo yà á, mo fi ọwọ́ bo ibi tí ó ti ya létí.

Ìyá mi a máa pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ó máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá wọ́n ń ṣe mí dáadáa. Ohun tí mo bá sọ fún un máa ń jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n n kì í sọ gbogbo rẹ̀. N kò sọ fún un pé ìwé ìgbélùú mi ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá fún oṣù mẹ́jọ, tí n kò mọ̀ bóyá wọ́n máa fọwọ́ sí i, àti pé bí mo bá rí aṣọ ọlọ́pàá nínú fámásì, àyà mi a já, kódà bó bá jẹ́ oògùn ikọ́ ni ó wá rà.

Nígbà tí mo kúrò nílé Ìyá Múínà, mo gba yàrá kan lọ́dọ̀ Màmá Kọ̀lẹ́tì. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ìjọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí Kùtọ́nu. Òun ló kọ́ mi ní Faransé. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òun a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun a máa ka ìwé sókè, èmi a sì máa kọ ohun tí mo gbọ́. Lẹ́yìn náà òun a gba ìwé náà, òun a fi bírò pupa là á já. Ní ọjọ́ tí àṣìṣe mi kò pé márùn-ún, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó dìde, ó lọ gún iyán, ó sì bù ú fún mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá. Láti ìgbà tí mo ti dé, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹun láìronú ilé.

Ó ní àrùn. Bí èèyàn ṣe ń sọ pé orúnkún ń dun òun ló ṣe sọ ọ́ fún mi: jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ó ti ń lọ sí ọdún márùn-ún. Hóró oògùn kan ló ń lò lójúmọ́, nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lù lọ́sàn-án, òun ló sì mú un dúró. Nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba, ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ jù lórí oògùn náà. Láti fámásì wa ló ti ń gbà á.

Ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì mi, ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní Kùtọ́nu. Ó padà dé pẹ̀lú ìwé tuntun lọ́wọ́. Dókítà ibẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ oògùn àtijọ́ lójú, kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Tuntun kan ti jáde tó ń ṣiṣẹ́ lára irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́ lórí pẹpẹ bíi pé èmi náà jẹ́ ẹni tó mọ nǹkan. Mo tẹ orúkọ oògùn náà sínú kọ̀ǹpútà. Kò jáde. Mo tún un tẹ̀, mo wo lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bóyá mo ti ṣi ọ̀kan kọ. Mo pe ilé ìkóoògùnsí tó ń kó ọjà fún wa. Obìnrin tó gbé fóònù ní kò sí, pé kì í ṣe pé ó tán, pé kò sí ní orílẹ̀-èdè náà rárá.

Mo yíjú sí Màmá Kọ̀lẹ́tì. N kò lè sọ gbólóhùn mi. Òun ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ó sì tún ìpè mi ṣe, bíi pé mo ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn tó lọ, mo wọlé tọ Dókítà Ẹ́lọdì. Ó ní kí n jókòó. Ó ṣàlàyé fún mi pé kí oògùn kan tó lè dé orí pẹpẹ wa, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Àṣẹ náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí náà ilé-iṣẹ́ a wò ó bóyá ẹni tó máa rà á wà. Oògùn jẹjẹrẹ tuntun kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè máa fi àpò ara rẹ̀ rà lóṣooṣù. Bí ìjọba kò bá ra irú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rà á. Ìjọba sì ní ìwé kan, níbi tí ó to orúkọ àwọn oògùn tó máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ san owó wọn sí. Oògùn tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ilé-iṣẹ́ kò ní gbé e wá.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé náà.

"Nítorí pé kò sí ní orílẹ̀-èdè yìí," ó ní. "Ìgbìmọ̀ kì í jíròrò oògùn tí kò tíì gba àṣẹ."

Mo ronú sí i. Mo ní, "Wọn kò lè sanwó ohun tí kò sí, ohun tí wọn kò sanwó rẹ̀ kò sì ní wá."

Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ta oògùn nílé, bí nǹkan kò bá sí, mo mọ ohun tó fà á: ọ̀nà bàjẹ́, ọkọ̀ dá dúró, owó dọ́là gbéra. N kò mọ̀ pé oògùn lè wà láyé, kí ó máa wo èèyàn sàn níbòmíràn, kí ó sì jẹ́ pé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ni kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Ó sì dẹ́rù bà mí lọ́nà mìíràn, nítorí èmi náà ń dúró de ìwé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Màmá Kọ̀lẹ́tì pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rù. Ó ní Nàìjíríà tóbi, pé ohun tí kò sí níbí lè wà níbẹ̀, ṣé n kò ní ẹni tó lè bá òun wò ó. Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, Kàmọ́rù, tó ń wakọ̀ láàárín Ìsẹ́yìn àti Ìbàdàn. Mo pè é. Ó wá a káàkiri, ẹnìkan sì rí páálí kan mú wá fún un. Kàmọ́rù fi rán awakọ̀ kan tó ń gba Kétu bọ̀.

Nígbà tí páálí náà dé, Màmá Kọ̀lẹ́tì ti gbé ife omi sórí tábìlì. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó. Orúkọ rẹ̀ pé, àwọ̀ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára páálí kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn bébà fàdákà tí hóró oògùn wà nínú rẹ̀, ibi tó sì yẹ kí ọjọ́ ìparí wà, wọ́n ti ha á. Ọ̀gá mi tó ti kú ti fi irú rẹ̀ hàn mí rí, ó ní bí mo bá rí i, kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e mì.

"Màmá, ẹ má lò ó," mo ní. "N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Ó ti ife omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ kọ́ ló ń ṣàìsàn," ó ní.

Mo kó páálí náà, mo jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. N ó jókòó sínú yàrá mi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, n ó máa gbọ́ bí ó ti ń ka ìwé fún ara rẹ̀ lóde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kà á kí n lè rí i kọ.

Mo gbé páálí náà lọ fún Dókítà Ẹ́lọdì. Mo ti pinnu pé bó bá lé mi, n ó bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe pe ọlọ́pàá, torí ìwé ìgbélùú mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó ohun tí a máa jó sí. Ó ní bó bá jẹ́ pé mo tà á ni, àhámọ́ ni mo máa wà báyìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá Màmá Kọ̀lẹ́tì ti gbé èyíkéyìí mì. Mo ní rárá. Ó fa bébà kan, ó ní bí a bá jókòó báyìí, irú páálí yẹn ló máa máa wọlé títí. Ọjọ́ yẹn ló kọ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ó kọ sí ilé-iṣẹ́ tó ni oògùn náà, ó sì kọ sí ìgbìmọ̀ ìjọba ní Kùtọ́nu. Ìdáhùn méjèèjì pẹ́, wọ́n sì jọra. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn máa béèrè àṣẹ bí ìjọba bá fi hàn pé òun máa sanwó, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn mélòó ló wà? Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní bí ilé-iṣẹ́ bá ti ṣèlérí àtiwá, àwọn lè gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn mélòó ló wà? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí àwọn tí wọ́n ti sọ "kò sí" fún ti padà sílé, wọn kì í wá mọ́.

Dókítà Ẹ́lọdì pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Sàvè àti Sáválù. Ti agbègbè wa, ó ní èmi ni kí n lọ. Ó ní mo mọ Ìdáàṣà tó báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju aṣọ funfun lọ. Mo tú ẹ̀dà àwọn ìwé tí àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú wá, tí a kò rí oògùn wọn fún wọn, mo kọ orúkọ sílẹ̀, mo gun zémì, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà níbẹ̀.

Ní Tré, Bàbá Fẹ́lìsì ni mo ń wá, àgbẹ̀ tó ti wá sí pẹpẹ wa lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀ ni mo bá, ó ń tú ẹ̀pà lábẹ́ igi. Ó ní wọ́n ti sin ín, kí iṣu tuntun tó jáde. Mo kí i kú àjálù. Ó bi mí bóyá oògùn náà ti dé. Mo ní rárá. Ó ní kí ni mo wá wá nígbà náà. Mo ṣàlàyé fún un pé orúkọ ni mo ń kọ, kí ìjọba lè mọ̀ pé àwọn tó nílò rẹ̀ wà.

Ó tú ẹ̀pà mélòó kan sí i. "Ẹ kọ tirẹ̀ náà," ó ní. "Ó wà láàyè nígbà tó ń wá a."

Mo kọ ọ́. Nígbà tí Dókítà Ẹ́lọdì rí i, kò pa á rẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé ó ti kú.

Ní Akofójúlè, mo bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Pẹ́lájì, tó ń gbin kajú pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni. Àwọn onínúure kan ló ń fún un ní oògùn àtijọ́ ní Kùtọ́nu, a sì máa wọkọ̀ lọ gbà á lóṣooṣù, ṣùgbọ́n dókítà ti ń fura pé lára tirẹ̀ náà, kò ní pẹ́ kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé kó tó sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kò mọ orúkọ àìsàn náà. Ó bẹ̀rù pé ìwé tí mo ń kọ lè dé etí wọn. Mo ṣèlérí fún un pé Kùtọ́nu nìkan ni ó ń lọ. Ó ronú títí tí onízémì mi fi bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ọ́, kí n kọ ọ́ ní pípé.

Nígbà tí oṣù August dé, àwọn Kátólíìkì tó ń rìn wá gbàdúrà ní ihò Màríà, ní Arígbò, kún gbogbo ìlú. Oògùn orí fífọ́ àti báńdéèjì ni à ń tà láti àárọ̀. Màmá Kọ̀lẹ́tì ní òun máa lọ bó ti wù kó rí, ó sì ní kí n bá òun gbé àga. Mùsùlùmí ni mí. Mo gbé àga náà lé orí, mo sì tẹ̀ lé e. A jókòó sí ibòòji òkúta, níbi tí orin ti ń dé ọ̀dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀.

"Mo bínú sí ẹ nítorí pé òtítọ́ lo sọ," ó ní. "Ká ní o dákẹ́ ni, mo ti gbé e mì."

Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ dárí rẹ̀ jì. Ó wá sọ fún mi pé òun kò gbàdúrà fún ẹ̀jẹ̀ òun lọ́jọ́ yẹn, pé àwọn ìgbìmọ̀ ni òun gbàdúrà fún. Ó ní òun bẹ Màríà kí ó fún wọn ní àga líle, kí ìpàdé má baà fà gùn. Èmi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mú bírò pupa rẹ̀ jáde.

Òjò ti ń dáwọ́ dúró nígbà tí ìgbìmọ̀ rí ìwé orúkọ wa gbà, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pè láti Kùtọ́nu. Màmá Kọ̀lẹ́tì àti Dókítà Ẹ́lọdì jọ lọ. Èmi dúró ti fámásì, mo ṣi oògùn gbé fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, mo dúpẹ́ pé mo tètè rí i. Nígbà tí wọ́n dé, Dókítà Ẹ́lọdì ló sọ bó ṣe lọ. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ní ohun tí oògùn yìí máa ná ìjọba lórí ẹnìkan lè wo ibà sàn lára ọ̀pọ̀ ọmọdé. Màmá Kọ̀lẹ́tì ní òtítọ́ ló sọ. Ó ní òun ti kọ́ irú àwọn ọmọ yẹn fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, òun kò sì wá gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ó ní bí ìgbìmọ̀ bá jókòó, tí wọ́n rò ó, tí wọ́n sì yàn láti sọ pé rárá, òun máa gbà. Ohun tí òun kò lè gbà ni kí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì rò ó rí.

A dúró. N kò mọ̀ pé ìdúró lè rẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Bí fóònù bá dún ní fámásì, gbogbo wa a gbé orí sókè. Ní àárín ìdúró yẹn ni ìwé ìgbélùú mi jáde, fún ọdún kan. Mo fi í han Màmá Kọ̀lẹ́tì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi àṣìṣe méjì hàn mí nínú Faransé àwọn ọlọ́pàá. Ìyá mi ní kí n wá kí òun báyìí tí mo ti ní ìwé. Mo ní n ó wá. Ó ní ohùn mi ti yí padà, pé mo ń fa ọ̀rọ̀ bí àwọn ará ibẹ̀. Ní Dásà, wọ́n ṣì ń fi ohùn mi mọ̀ mí ní ará Nàìjíríà lójú ẹsẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí lẹ́tà dé. Wọ́n ti kọ oògùn náà sínú ìwé: ìjọba máa sanwó rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àti aya tàbí ọkọ àti ọmọ wọn. Láàárín oṣù díẹ̀, ilé-iṣẹ́ gba àṣẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí páálí àkọ́kọ́ dé pẹpẹ wa. Mo wo nọ́ńbà ara páálí, mo wo nọ́ńbà ẹ̀yìn bébà fàdákà. Wọ́n bára mu. Mo tún wò wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè gbé e fún Màmá Kọ̀lẹ́tì.

Ìgbà méjì ló ti ṣe àyẹ̀wò láti ìgbà náà. Dókítà Kùtọ́nu ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń rọlẹ̀, kí a máa wò ó. Òun náà ní kí a máa wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kì í lè ka ìwé fún mi. Ojú rẹ̀ a máa padà sórí ìlà kan náà.

Pẹ́lájì gbọ́ pé oògùn ti dé. Ó wá ní ọjọ́ ọjà, ó wọ aṣọ tó dára, ó sì dúró títí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ fi tán. Ó gbé ìwé dókítà rẹ̀ sórí pẹpẹ. Àgbẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ àgbẹ̀. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí lẹ́tà dé pé ọjọ́ yìí ń bọ̀, mo sì ti wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́ ní Ìdáàṣà. Gbogbo rẹ̀ sá kúrò lórí mi. Mo sọ fún un pé oògùn náà wà, pé ó wà lẹ́yìn mi yìí, ṣùgbọ́n ìjọba kò tíì gbà láti sanwó fún irú òun. Mo sọ iye rẹ̀ fún un nítorí pé ó bi mí. Kò tún un bi.

Ó ní, "Ṣé orúkọ mi wà nínú ìwé tó mú un wá?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, pé láìsí irú orúkọ rẹ̀, kì bá ti dé.

Ó mi orí. Kò bínú, tàbí kí n sọ pé kò bínú sí mi. Mo sọ fún un pé Dókítà Ẹ́lọdì ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mìíràn, èyí tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n sanwó fún àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn pẹ̀lú, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé agbègbè yìí lè fọwọ́ sí i. Mo ní n kò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbọ́, n kò sì mọ ìgbà tó máa jẹ́. Ó bi mí bóyá oògùn àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ òun lè gbé òun dé ìgbà náà. Mo ní dókítà Kùtọ́nu nìkan ló lè sọ ìyẹn, pé kí ó má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò kankan jẹ. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ tí kì í ṣe irọ́.

Mo gbé lẹ́tà náà jáde. Ó fọwọ́ sí i, ó rọra kọ orúkọ rẹ̀, ó sì wo ojú mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ó ní. "Bí irú rẹ̀ bá ṣe yín, ta ni yóò sanwó?"

Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ronú kan ìwé ọdún kan tó wà nínú àpò mi, mo ronú kan ilé, níbi tí orúkọ mi kò sí nínú ìwé kankan bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní kò sí ẹni tí mo mọ̀.

Pẹ́lájì yí lẹ́tà náà padà sí mi, ó sì fi bírò lé e. "Ẹ kọ tiyín sábẹ́ tèmi," ó ní.

Mo kọ ọ́. Ó dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán, ó ka orúkọ mi sókè bí àwọn ará Dásà ṣe ń pè é, ó mú ìwé dókítà rẹ̀, ó sì jáde lọ wá zémì tó ń lọ sí Akofójúlè.